Kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe fóònù ń yọ nǹkan tí ò wọ́n kúrò lára ẹ̀? Bàbá mi ò rí rédíò gbọ́ mọ́

Àdùnní_Mọ́níyà

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ fóònù ti fẹ́ẹ̀ sọ èmi àti bàbá mi di ọ̀tá. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀kadà, ojú ẹ̀ fọ́ yángá, mo wá ní kí n ra tuntun fún wọn, mi ò dẹ̀ ra gbàǹjo o, mo kówó sílẹ̀, kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn, ojú ẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo gbé e délé, bàbá súre súre, wọ́n wá fa íápíìsì wọn yọ nínú àpò, wọ́n yí fóònù sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀, wọn ò rí ihò. Wọ́n ní "Àdùnní, ẹnu ẹ̀ dà?" Mo wò ó, lóòótọ́ kò sí. Mo wá rédíò nínú ẹ̀, kò sí. Mo ní kí n yọ mẹ́mórì kádì tí orin wọn wà nínú ti àtijọ́ kí n fi sínú tuntun, kò sí ojú ẹ̀.

Bàbá mi yìí, Amuludun FM ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Tí wọ́n bá wà lóko lọ́nà Ìjàyè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dúró, rédíò yẹn ni alábàárìn wọn. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní "fóònù ńlá kì í ní àwọn nǹkan yẹn mọ́, màdáámù." Ẹ gbọ́ mi o, fóònù ńlá kì í ní ohun tí fóònù kékeré ní? Ihò yẹn, èló ni gan-an tí wọ́n fi ń ṣahun ẹ̀?

Ọ̀gá_Sódà

Màdáámù ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ àtúnṣe ni mò ń ṣe ní Computer Village, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ihò íápíìsì yẹn, èyí tí a ń rà lọ́jà láti fi pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́, owó ẹ̀ ò tó abọ́ àmàlà kan pẹ̀lú ẹran. Ìyẹn àwa tó ń rà á ní ẹyọ ẹyọ o. Ẹni tó ń rà á ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, ẹ fúnra yín ẹ rò ó.

Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé torí owó ihò ni, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wo Pixel ti Google. Èyí àkọ́kọ́ ní 2016, ihò wà lára ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ Apple nínú ìpolówó. Nígbà tó fi máa di Pixel 2 ní 2017, wọ́n ti yọ ọ́. Àmọ́ Pixel 3a, 4a, 5a tó jẹ́ ti àwọn olówó kékeré, ihò wà níbẹ̀. Samsung náà, Galaxy A tí owó ẹ̀ ò pọ̀ ní ihò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára Note10 ní 2019. Tó bá jẹ́ owó ni, èyí tó pọ́ọ́kú ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ẹ̀, abí báwo?

Ẹlẹ́nu_Ṣámúṣámú

Hẹn hẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Télọ̀ kan wà tó ń ran ṣòkòtò láìfi àpò sí i. Wọ́n ní kí ló dé, ó ní àpò máa ń ya, ó máa ń jẹ́ kí ṣòkòtò hunjọ, àwọn tó lajú ò lo àpò mọ́. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ tó ń ta báàgì.

Apple ra Beats, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe íápíìsì, ní 2014, bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. September 2016 wọ́n yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7. Ọjọ́ kan náà, lórí pèpéle kan náà, wọ́n gbé AirPods jáde, íápíìsì tí kò ní wáyà, dọ́là 159. Mi ò sọ nǹkan kan o, èmi kàn ń ka déètì ni.

Ọmọ_Peckham

😂😂 ìyàwó télọ̀! Ọ̀gá yìí ẹ ò ní pa wá. Àmọ́ ká má purọ́ mọ́ wọn, Apple kọ́ ló kọ́kọ́ yọ ọ́, Moto Z ti jáde láìní ihò ṣáájú iPhone 7 lọ́dún yẹn kan náà. Apple ló kàn láyà tó pọ̀ jù, ọ̀gá wọn kan dúró lórí pèpéle tó ní ìgboyà ni àwọn fi ṣe é. Ìgboyà! Láti yọ ihò!

Shenzhen_tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i nítorí mo ṣe iṣẹ́ yìí díẹ̀. Mo wà ní Shenzhen nílẹ̀ Ṣáínà fún bí ọdún mélòó kan, èmi ni mò ń bá ilé iṣẹ́ kan wá àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi ń to fóònù, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó télọ̀ yẹn, òótọ́ wà nínú ẹ̀, àmọ́ ìdajì ni. Ìdajì kejì ò dùn-ún gbọ́ ṣùgbọ́n òun ló pọ̀ jù.

Ẹni tó ń ra fóònù kan, tó bá gbọ́ àádọ́ta sẹ́ǹtì, á ní kí lèyí. Ilé iṣẹ́ tó ń ta fóònù mílíọ̀nù 200 lọ́dún, bíi Apple tàbí Samsung, àádọ́ta sẹ́ǹtì yẹn ti di mílíọ̀nù 100 dọ́là. Transsion tó ni Tecno, Infinix àti itel, ó sún mọ́ smartphone mílíọ̀nù 95 tí wọ́n kó jáde ní 2023, èrè tí wọ́n sì ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín ni. Bá a bá jókòó nínú mítìn, ẹni tó ń ṣọ́ owó á gbé ìwé jáde, ìlà ìlà, ẹ̀yà kan ìlà kan, á ní "ta ló máa sunkún tá a bá yọ èyí?" Tí kò bá sí ẹni tó dáhùn láàrin ìṣẹ́jú kan, ó ti lọ nìyẹn. Wọn kì í ní kẹ́ ẹ wá sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ yọ nǹkan, ìdí tó fi yẹ kó dúró ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀yà yẹn dẹ̀ kọ́ ni gbogbo owó ẹ̀. Ihò kan lára fóònù, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ sára fúréèmù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi rọ́bà yí i ká kí omi má wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ láti dán an wò lára gbogbo fóònù tó bá kọjá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ sọ́fítíwíà ẹ̀ kó sì máa tún un ṣe nígbàkígbà tí Android tuntun bá dé. Bó bá bàjẹ́ kí wárántì tó pé, àwọn náà ló máa san án. Rédíò tí màdáámù ń wí yẹn, ẹ̀yà tó ń gba FM wà nínú ọ̀pọ̀ ṣípù Qualcomm àti MediaTek, ẹ ti sanwó ẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣípù, ó kàn jẹ́ pé wọn ò so wáyà mọ́ ọn ni.

Àdùnní_Mọ́níyà

Ẹ dúró ná. Ẹ ní rédíò lè wà nínú fóònù bàbá mi báyìí, tó ń sùn síbẹ̀??

Shenzhen_tẹ́lẹ̀

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má dààmú ara yín, ẹ ò lè jí i. Wáyà íápíìsì ni fóònù ń lò bí ẹ́ríà láti fi fa FM, ìdí nìyẹn tí fóònù àtijọ́ fi máa ń sọ pé "ẹ ti íápíìsì bọ̀ ọ́ kí rédíò tó ṣiṣẹ́." Wọ́n yọ ihò, ẹ́ríà bá ihò lọ, rédíò bá ẹ́ríà lọ. Nǹkan kan ni wọ́n yọ, mẹ́ta ló lọ.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń pariwo ẹ̀ o. Ní 2017, nígbà tí ìjì ńlá Harvey àti Irma jà ní Amẹ́ríkà tí ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wó lulẹ̀, Ajit Pai tó jẹ́ ọ̀gá FCC nígbà yẹn, àjọ wọn tó ń rí sí rédíò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, jáde síta tó ní kí Apple tan FM inú iPhone torí ẹ̀mí àwọn èèyàn. Apple dá a lóhùn pé iPhone 7 àti 8 ò ní ṣípù FM, kò dẹ̀ ní ẹ́ríà tí wọ́n fi ń gbà á, kò sí nǹkan tí àwọn lè tàn.

Tíṣà_Físíìsì

Àwọn kan á ní kó lọ gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní 64 kbps ń jẹ nǹkan bíi MB 29 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ bíi MB 115, lóṣù kan ó ti sún mọ́ GB mẹ́ta ààbọ̀. Rédíò nìkan o, bàbá ò tíì wo fídíò kankan tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́. NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, dẹ̀ ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà. FM kì í jẹ dátà. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ẹ̀.

Ẹni tó bá sì wà lóko láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò tiẹ̀ sí ohun tá a fẹ́ ṣírò.

Gẹ́ẹ̀mù_ò_ní_pa_mí

Ẹ̀yin àgbà, ti rédíò lẹ ń sọ, èmi gyroscope ni tèmi, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ tẹ́ ẹ bá yí i 😭 Mo fi ìgbà méjì gba àjọ kí n tó ra fóònù yìí, wọ́n kọ "Gaming" gàdàgbà sára páálí, mo dé orí Call of Duty, mo ń yí fóònù káàkiri bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ, kò mira. Wọn ò fi sí i.

Alfa_Ọjà_Ọba

Àbúrò, tìẹ gẹ́ẹ̀mù ni. Èmi ní fóònù kan tó ní áàpù kíbúlà nínú, mo tẹ́ ẹní, mo wo ọfà ẹ̀, ó tọ́ka síbì kan. Mo yí ara mi, ọfà náà yí pẹ̀lú mi. Ibi tí mo bá kọjú sí ni kíbúlà. Mo ní súbúhánàllàhi, ṣé èmi ni Mẹ́kà ni?

Ọ̀gá_Sódà

Hahaha Alfa! Kò sí kọ́ḿpàsì nínú ẹ̀ ni. Ẹ̀yà kékeré kan ni, kò tó ìdajì hóró ẹ̀wà, àwọn fóònù olówó kékeré ló máa ń fi í sílẹ̀ jù. Ẹ ṣí Google Maps, àmì búlúù tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn, tí kọ́ḿpàsì bá wà, ìmọ́lẹ̀ kan máa ń yọ níwájú ẹ̀ bíi ti tọ́ṣì. Tí kò bá sí, ó kàn máa wà róbótó síbẹ̀.

Èkejì tí wọ́n ń yọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń pa iná ojú fóònù tẹ́ ẹ bá gbé e sétí. Àwọn kan ti yọ ẹ̀yà yẹn gan-an, wọ́n wá ń fi sọ́fítíwíà ṣe é, ohùn kan tí etí èèyàn ò gbọ́ ló ń jáde lókè, gbohùngbohùn á gbọ́ bó ṣe lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà. Ọgbọ́n ni o, mi ò bú wọn. Àmọ́ ẹni mélòó ló ti gbé fóònù wá bá mi pé "ọ̀gá, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ etí mi máa ń tẹ ìpè pa", mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Kí ni mo fẹ́ tún ṣe?

Ọmọ_Peckham

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni èyí tó jẹ́ pé wọ́n ṣe é, ó wà, wọ́n kàn pinnu pé ẹ̀yin ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni. Redmi Note 8 àti Note 8T ní 2019, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, 8T ní NFC tí wọ́n fi ń sanwó ní ṣọ́ọ̀bù, 8 kò ní. Yúróòpù ni wọ́n ń tà 8T sí. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀pọ̀ fóònù ló wà tí ẹ máa rí i kọ sílẹ̀ pé NFC "dá lórí ibi tẹ́ ẹ ti rà á."

Àwa náà jẹ tiwa níbí o. Fún ọdún gbọọrọ, Galaxy S tí wọ́n ń tà ní UK, síìmù kan ló ń gbà, èyí tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà síìmù méjì. Àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń bá wọn ta fóònù níbí, wọn ò fẹ́ kí ẹ fi síìmù ẹlòmíì sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Mo ra Tòkúnbọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní "London ni èyí ti wá tí ojú síìmù ẹ̀ fi jẹ́ ẹyọ kan?" Ojú tì mí.

Shenzhen_tẹ́lẹ̀

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ. Ibi tẹ́nì kan bá ti yọ nǹkan, ẹlòmíì lè fi jẹun. Tecno nìyẹn o. Nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi síìmù kan ta fóònù nílẹ̀ Áfíríkà, wọn ò rò ó pé èèyàn ní síìmù méjì mẹ́ta nítorí pé pípè láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí èkejì wọ́n. Transsion bẹ̀rẹ̀ ní 2006, wọ́n wo bá a ṣe ń ṣe, wọ́n fi ojú síìmù kejì sí i, kò ná wọn ní nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n dé. Apple fúnra ẹ̀, 2018 ló tó ní síìmù méjì.

Àmọ́ ọ̀nà yẹn kì í já sí rere fún gbogbo ẹni tó gbà á. LG kò yọ ihò íápíìsì, wọ́n tiẹ̀ fi ṣípù ohùn tó dáa gan-an sí V20 ní 2016, bátìrì ẹ̀ ń yọ, mẹ́mórì kádì ń wọlé. Títí dé V60 ní 2020, ihò ṣì wà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fóònù yìn wọ́n títí, àwọn tó ń fowó ra fóònù gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ní 2021 LG pa ilé fóònù tì pátápátá. Kì í ṣe ihò ló pa wọ́n o, ìṣòro wọn pọ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó jókòó sí mítìn kárí ayé rí i pé ihò ò gbà wọ́n. A máa ń sunkún lórí íntánẹ́ẹ̀tì ká tó lọ ra èyí tí kò ní in.

Ẹlẹ́nu_Ṣámúṣámú

Ìyẹn bá mi, mo jẹ́wọ́. Mo kọ gbogbo ìyẹn sókè lórí fóònù tí kò ní ihò.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ̀yin ará mi ẹ má gbàgbé tèmi. Mo fi iPhone 14 ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Ábẹ́òkúta, ó pè mí, ó ní "Sisí, mi ò rí ibi tí wọ́n ń fi síìmù sí." Mo ní wò ó dáadáa, lápá òsì. Kò sí! Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 2022, eSIM nìkan ni, síìmù tó wà nínú fóònù fúnra ẹ̀ tí kò ṣeé yọ. Ó lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n tó yí i padà sí eSIM fún un. MTN ti ń dán eSIM wò láti 2020, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá di pé bátìrì kú lójijì, kò lè yọ síìmù fi sínú fóònù ẹlòmíì bá a ṣe máa ń ṣe.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí. Wọ́n máa ń ní àyè ló fún mọ́ inú fóònù. Àwọn tó tú iPhone 14 ti Amẹ́ríkà yẹn wò, ibi tí ojú síìmù wà lára tàwọn ìlú yòókù, ike lásán ni wọ́n fi dí i.

Ọ̀gá_Sódà

Òótọ́ ni, mo ti rí i lójú ara mi.

Àwáwí omi náà tún wà. Wọ́n ní torí kí omi má wọlé ni. Galaxy S5 ní 2014: ihò íápíìsì wà, mẹ́mórì kádì wà, bátìrì ń yọ, ó tún ní IP67, àmì pé omi ò lè tètè wọ̀ ọ́. Galaxy S10 ní 2019, ihò wà, IP68. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tiẹ̀ wà tó jókòó ní Shenzhen ní 2017 tó fi ihò tó ń ṣiṣẹ́ sínú iPhone 7, òun nìkan, tó sì ṣe fídíò ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i ṣe o, ó ba fóònù jẹ́ lọ́nà, àmọ́ ihò gbà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tún un ṣe, mi ò lè bú wọn tán. Ihò yẹn, ìdọ̀tí àpò máa ń dí i, àwọn ọmọ máa ń fi igi bọ̀ ọ́, ẹnu íápíìsì máa ń ṣẹ́ sínú ẹ̀, fóònù á wá rò pé íápíìsì ṣì wà níbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ síta mọ́. Mẹ́mórì kádì ńkọ́? Ìdajì èyí tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá mi ló jẹ́ ayédèrú, wọ́n kọ 128GB sí i lára, GB mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó ti lọ, fóònù ni wọ́n ń bú. Ilé iṣẹ́ ò fẹ́ èébú yẹn.

Shenzhen_tẹ́lẹ̀

Wọn ò fẹ́ èébú, àmọ́ wọ́n fẹ́ owó ibẹ̀ 😀 Nígbà tí iPhone 15 Pro jáde ní 2023, 128GB jẹ́ dọ́là 999, 256GB jẹ́ 1,099. Ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí àyè tí mẹ́mórì kádì gidi ò lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀. Samsung yọ ojú mẹ́mórì kádì lára S6 ní 2015, àwọn èèyàn pariwo, wọ́n dá a padà lára S7 ní 2016, wọ́n tún yọ ọ́ lára S21 ní 2021, ariwo ti rẹ àwọn èèyàn nígbà yẹn.

Ṣájà náà bẹ́ẹ̀. October 2020 Apple yọ ọ́ kúrò nínú páálí iPhone 12, wọ́n ní torí àyíká, wọ́n ní páálí máa kéré, èyí tí ọkọ̀ ń kó á fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Samsung fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Facebook oṣù yẹn kan náà, January 2021 S21 jáde, ṣájà ò sí nínú páálí, yẹ̀yẹ́ náà ti pòórá lórí Facebook. Brazil nìkan ni mo mọ̀ tó fa ìjàngbọ̀n gidi, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ìdájọ́ bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 12 reais lé Apple ní September 2022, wọ́n ní kí wọ́n má ta iPhone tí kò bá ní ṣájà nínú páálí mọ́.

Ọmọ_Peckham

Òfin ló kù tó lè mú wọn. Lẹ́yìn December 28, 2024, fóònù tuntun tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní Type-C, ìdí nìyẹn tí Apple fi ju ẹnu ṣájà ẹ̀ àtijọ́ nù láti iPhone 15. Bátìrì ló kàn ní February 2027, òfin ní kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yọ ọ́ fúnra ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin náà fún àwọn tó bá gbọ́n láti yẹ̀ ẹ́.

Àdùnní_Mọ́níyà

Gbogbo ẹ̀ ti yé mi, ẹ ṣé gan-an. Kí ni kí n ṣe fún bàbá wá báyìí? Mo rí wáyà kékeré kan lọ́jà tó ń yí Type-C sí ihò íápíìsì, ṣé kí n rà á?

Ọ̀gá_Sódà

Ẹ ṣọ́ra, oríṣi méjì ló wà tí ojú wọn jọra. Ọ̀kan jẹ́ wáyà lásán, èkejì ní ṣípù nínú, DAC ni wọ́n ń pè é. Fóònù mìíì máa ń gba èyí tó jẹ́ wáyà lásán, òmíì ò ní dá a lóhùn rárá. Èyí tó ní DAC ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ dẹ̀ gbé fóònù lọ kẹ́ ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Orin á dún. Rédíò FM ò ní dé torí ìyẹn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín.

Fóònù mìíì ni kẹ́ ẹ wá fún bàbá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka orúkọ ẹ̀ pé, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà, kẹ́ ẹ wò ó lórí GSMArena, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ohun tó wà lára fóònù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 3.5mm jack sí, kó kọ Yes. Ẹ wo Radio. Ẹ wo Card slot, bí ẹ bá rí i pé ó ń lo ojú síìmù kejì, ìyẹn ni pé bàbá máa yàn láàrin síìmù méjì àti orin. Tó bá jẹ́ fóònù tó ti wà lọ́wọ́ yín, áàpù CPU-Z ní ojú ìwé Sensors, gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ló máa jáde. Samsung, ẹ tẹ *#0*# bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn, ibi tí ẹ ti lè dán sẹ́ńsọ̀ wò máa ṣí.

Tíṣà_Físíìsì

Àti pé ẹ tan rédíò náà níbẹ̀. Ẹ má gba ti "ó wà, ẹ máa rí i tẹ́ ẹ bá délé." Mẹ́mórì kádì náà, tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ H2testw máa sọ fún yín bóyá àyè tí wọ́n kọ sí i lára ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́.

Àdùnní_Mọ́níyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti gbé fóònù olówó gọbọi yẹn fún àbúrò mi ọkùnrin, inú ẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ra èyí tí owó ẹ̀ ò tó ìdajì fún bàbá: ihò wà, FM wà, síìmù méjì pẹ̀lú mẹ́mórì kádì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tan rédíò nínú ṣọ́ọ̀bù kí n tó sanwó, ọmọ tó ń tà á ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Bàbá ti íápíìsì bọ̀ ọ́, Amuludun dún, wọ́n dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n wá ní "Àdùnní, o ti ń mọ ọjà rà báyìí."

Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín, èyí tó ní kámẹ́rà mẹ́ta yẹn, kí ni wọ́n fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe?

Shenzhen_tẹ́lẹ̀

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé lára ọ̀pọ̀ fóònù, méjì nínú ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan tó jọjú. Àmọ́ èèyàn máa ń ka kámẹ́rà kó tó ra fóònù, kò sẹ́ni tó ń ka ihò.

Alfa_Ọjà_Ọba

Ọ̀gá Sódà, mo ṣí Google Maps bẹ́ ẹ ṣe wí. Róbótó ni. Ṣé kò ṣeé fi sí i?

Ọ̀gá_Sódà

Kò ṣeé fi sí i, Alfa. Ẹ máa wo oòrùn.